Kòkòrò táífọ́ọ̀dù ní ìdílé: ohun tí jínóòmù ń sọ, àti àyè tó ṣófo lójú ọ̀nà Kàbà

Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sọ fún àbúrò ìyá mi ní Ìsánlú pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá rẹ̀, wọ́n kán omi ara ẹ̀jẹ̀ náà sórí àwo pẹlẹbẹ funfun, wọ́n kán oògùn sí i, wọ́n mì ín, wọ́n sì ní: “Màmá, ó ti di 1/160. Màléríà wà níbẹ̀, táífọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀.” Ó ra sípírò, ó ra oògùn ibà, ó padà sídìí gààrí tó ń tà. Ẹni tó bá dàgbà láàárín Kàbà sí Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, mọ ìtàn yìí bí ẹni mowó. Màléríà àti táífọ́ọ̀dù ti di Táyé òun Kẹ́hìndé lẹ́nu wa; a kì í dárúkọ ọ̀kan ká má dárúkọ èkejì.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó fojú kan kòkòrò náà. Widal ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un, ìyẹn orúkọ dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, Fernand Widal, tó gbé e jáde ní ọdún 1896. Kì í ṣe kòkòrò ni Widal ń wá. Ọmọ ogun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá. Àwọn ọmọ ogun yìí sì lè ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ìgbà àìsàn kan tó ti kọjá tipẹ́. Ó lè jẹ́ ìbátan kòkòrò náà ni ara ń bá jà. Ó sì lè jẹ́ màléríà gan-an ló da àyẹ̀wò náà rú. Níbi tí àrùn yìí bá ti wọ́pọ̀, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé 1/160 jáde, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ọmọ ogun náà ṣe pọ̀ tó. Bí ẹni rí ipasẹ̀ lójú ọ̀nà oko ni. Ipasẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ta ni, ọjọ́ wo ló sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?

Kí wọ́n tó lè rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀, inú igò tí oúnjẹ kòkòrò wà ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí. Wọ́n á gbé igò náà sínú ẹ̀rọ tó ń móoru bí ara èèyàn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yóò fi bí sí i débi tí ojú á fi rí i. Blood culture ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn. Àyẹ̀wò igò ni màá máa pè é níbí, nítorí orí igò yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ìbéèrè ti kọjá “ṣé táífọ́ọ̀dù ni àbí òun kọ́”. Ohun tí wọ́n ń bi kòkòrò tó bá jáde nínú igò báyìí ni pé: ọmọ ta ni ọ́, agbolé wo lo ti wá, ọ̀nà wo lo gbà dé ibí, ta ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn? Wọ́n ń rí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀ láti inú jínóòmù kòkòrò náà, ìyẹn odindi àkọsílẹ̀ tó ń sọ fún un bí yóò ṣe wà láàyè.

Ìwé orin ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Kí fóònù tó gbòde, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé a jókòó, a sì da orin kọ láti inú ìwé ẹni tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ká ní Àdùkẹ́ ṣèèṣì kọ “ilé” níbi tí “ilẹ̀” wà. Gbogbo ẹni tó bá da tirẹ̀ kọ láti inú ìwé Àdùkẹ́ ni yóò máa kọrin “ilé”. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tún ṣi ọ̀rọ̀ mìíràn kọ ní ojú ìwé kejì, àwọn tó bá dà á kọ lọ́dọ̀ tirẹ̀ yóò ní àṣìṣe méjèèjì. Lẹ́yìn ogún ọdún, kó gbogbo ìwé orin náà jọ sórí tábìlì, kí o tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìwọ kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí o tó mọ ẹni tó da tirẹ̀ kọ lọ́dọ̀ ta ni, àti àwọn tó ti ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́ wá àti àwọn tí kò bá a tan rárá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kòkòrò. Lẹ́tà mẹ́rin péré, A, C, G àti T, ni wọ́n fi kọ jínóòmù rẹ̀. Ti Salmonella Typhi, kòkòrò tó ń fa táífọ́ọ̀dù, gùn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 lẹ́tà. Nígbàkúùgbà tí kòkòrò kan bá pín sí méjì, ó gbọ́dọ̀ da gbogbo lẹ́tà yìí kọ fún ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ ni. Bí a bá tẹ̀ lé ìran Typhi kan láti ọdún dé ọdún, lẹ́tà kan péré ló sábà máa ń yí padà láàárín ọdún kan sí méjì. Àyípadà kékeré yẹn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ìdílé. Bí kòkòrò tó jáde lára aláìsàn méjì bá fi lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta péré yàtọ̀ síra, ìyá kan náà ló bí wọn láìpẹ́ yìí: kànga kan, ìdáná kan, tàbí ọwọ́ ẹnì kan. Bí wọ́n bá fi ọgọ́rùn-ún lẹ́tà yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ti wà láàárín wọn, bí ilé àwọn aláìsàn náà tilẹ̀ fara kan ara.

Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ odindi jínóòmù Typhi jáde. CT18 ni wọ́n pe kòkòrò tí wọ́n lò, ara aláìsàn kan ní Vietnam ni wọ́n sì ti rí i. Àbùdá, ìyẹn ìpín jínóòmù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó lé ní 200 ni wọ́n bá nínú rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, bí ìlà orin tí ẹnì kan fi bírò pa rẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ tóbi fún wa. Àwọn ìbátan Typhi nínú ẹbí Salmonella ń gbé inú adìẹ, inú màlúù, inú ẹlẹ́dẹ̀. Typhi ti sọ ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ nù, ó sì ti fi ara èèyàn nìkan ṣe ilé. Kò sí adìẹ tó ń kó o ran èèyàn, kò sí ewúrẹ́ tó ń gbé e. Gbogbo táífọ́ọ̀dù tó ń ṣe ọmọ ènìyàn lónìí, láti ara ọmọ ènìyàn mìíràn ló ti jáde, nínú ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ rẹ̀, tó sì gba inú omi tàbí oúnjẹ wọlé.

Ẹni mìíràn yẹn sì lè má ṣàìsàn rárá. Kòkòrò yìí mọ bí wọ́n ṣe ń sá pamọ́ sínú àpò òróòro, tí yóò máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìda onílé láàmú. Èyí tó lókìkí jù nínú ìtàn ni ti Mary Mallon, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn ìdílé olówó ní New York. Ní ọdún 1907 ni wọ́n tọpa táífọ́ọ̀dù ilé kan dé ilé kejì títí tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ara òun fúnra rẹ̀ le. Ìtọpa ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi mú un nígbà náà: ta ló sè fún ta ni, nígbà wo. Lónìí, lẹ́tà jínóòmù lè fi hàn bóyá kòkòrò tó wà lára alásè àti èyí tó wà lára àwọn tó jẹun jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Nínú gbogbo ìdílé Typhi, ọ̀kan wà tó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. H58 ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nínú ètò ìdárúkọ tuntun ni 4.3.1. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ kó jínóòmù Typhi tó lé ní 1,800 jọ láti orílẹ̀-èdè 63, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọ ìdílé kan ṣoṣo yìí. Gúúsù Éṣíà ni orírun rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju àwọn ọdún 1980 lọ. Láàárín ogójì ọdún péré, ó ti gba ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́ àwọn ìdílé tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì ti sọdá sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kí ló fún un ní agbára bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìwé orin. Yàtọ̀ sí orin tí wọ́n fọwọ́ dà kọ, àwọn akọrin kan máa ń ká ewé kan há àárín ìwé wọn, orin tuntun tí wọ́n rí gbà, bóyá lọ́wọ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn pàápàá. Kòkòrò náà ní irú ewé bẹ́ẹ̀. Plasmid ni wọ́n ń pè é: òrùka kékeré tí wọ́n fi DNA ṣe, ohun kan náà tí wọ́n fi ṣe jínóòmù, àmọ́ tí kò sí lára jínóòmù gan-an, tí kòkòrò kan lè fi lé kòkòrò mìíràn lọ́wọ́, ìbáà má jẹ́ ìran kan náà. Orí irú ewé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń borí oògùn sí. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016, táífọ́ọ̀dù kan bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní ìlú Hyderabad ní ẹkùn Sindh, orílẹ̀-èdè Pakistan, tí chloramphenicol kò ràn, tí ampicillin kò ràn, tí Septrin kò ràn, tí sípírò kò ràn, tí abẹ́rẹ́ ceftriaxone pàápàá kò ràn. Nínú oògùn oníhóró, azithromycin nìkan ló kù tí wọ́n lè gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n ka jínóòmù rẹ̀, ọmọ ìdílé H58 ni, ó sì ká ewé kan há àárín ìwé rẹ̀. Irú ewé tó máa ń wà lọ́wọ́ E. coli ni, kòkòrò tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa.

Ẹ wo oògùn tí mo dárúkọ yẹn bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra: ìtàn ni. Ọdún 1948 ni chloramphenicol kọ́kọ́ wo táífọ́ọ̀dù sàn. Ní ọdún 1972, táífọ́ọ̀dù tí chloramphenicol kò ràn jà rànyìn ní Mẹ́síkò. Wọ́n sáré sí ampicillin àti Septrin, kòkòrò bá wọn débẹ̀. Wọ́n sáré sí sípírò. Ní ti sípírò, kòkòrò kò tilẹ̀ nílò ewé àlejò kankan: àyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní gyrA ti tó láti dín agbára oògùn náà kù. Lẹ́tà kan nínú mílíọ̀nù 4.8! Oògùn kọ́ ló ń dá àṣìṣe yẹn sílẹ̀. Àṣìṣe náà ti lè wáyé fúnra rẹ̀. Ohun tí oògùn ń ṣe ni pé ó ń pa àwọn kòkòrò tí kò ní in, ó sì ń fi oúnjẹ àti àyè sílẹ̀ fún èyí tó ní in. Nígbà tí a bá ra hóró sípírò mẹ́rin nítorí owó kò tó mẹ́wàá, tàbí tí a lò ó fún màléríà tí Widal pè ní táífọ́ọ̀dù, àyè yẹn gan-an là ń gbá fún un.

Blantyre ní Màláwì ni ìtàn tó yẹ kí gbogbo wa ní apá Okun, ilẹ̀ wa ní Kogí níbí, fetí sí jù lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ìjọba kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣe àyẹ̀wò igò fún aláìsàn rẹ̀ láìsinmi láti ọdún 1998. Láti ọdún náà títí dé òpin 2010, nǹkan bí ènìyàn 14 lọ́dún ni wọ́n ń rí táífọ́ọ̀dù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní 2011, wọ́n rí 67. Ní 2012, 186. Ní 2013, 843. Oògùn mẹ́ta àtijọ́ yẹn, chloramphenicol, ampicillin àti Septrin, tó ṣì ń ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ́lẹ̀, kò ran ọ̀pọ̀ jù lọ wọn mọ́. Wọ́n ka jínóòmù kòkòrò tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ sínú yìnyín láti ọdún wọ̀nyí wá, àlàyé sì hàn gbangba. Kì í ṣe pé àwọn kòkòrò ìlú náà kàn yíwà padà. Àlejò ló dé. H58 ti wọ Blantyre, ó sì ti gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣàkíyèsí níbẹ̀ ni 14 yẹn. Nọ́ńbà kékeré tí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́tàlá. Bí kò bá sí 14, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé 67 jẹ́ nǹkan. Ká ní Widal ni wọ́n ń lò, gbogbo ọdún ni wọn ì bá máa rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún “táífọ́ọ̀dù”, ti 2009 á dà bí ti 2013, àlejò náà á wọlé láàárín èrò, kò sì sí ẹni tí yóò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí kòkòrò kankan nínú yìnyín tí wọn yóò padà lọ ka ìwé rẹ̀.

Nàìjíríà ńkọ́? Ní ọdún 2016, wọ́n tẹ àbájáde jínóòmù Typhi 128 jáde, tí wọ́n rí nípasẹ̀ àyẹ̀wò igò ní Àbújá àti Kánò. H58 kò sí nínú wọn rárá. Ìdílé tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní 3.1.1, ìdílé tó fi agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ilé. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ tó fi Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ibùdó, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke wà lára wọn, gbé ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn jáde: 3.1.1 yìí kan náà ló tún pọ̀ jù. Ní 2023, àgbájọ àwọn onímọ̀ láti gbogbo ayé to jínóòmù Typhi 13,000 pọ̀, àwòrán náà kò yí padà ní ti Nàìjíríà. A ní ìdílé tiwa. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀rọ̀ ni ìdílé yìí: ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ká ewé tirẹ̀ há àárín ìwé, tó sì borí ampicillin, chloramphenicol àti Septrin.

Ẹ wá fi ojú inú wo máàpù. Àbújá wà lápá kan, Ìbàdàn wà lápá kejì, wọ́n sì ti ka ìwé kòkòrò tí wọ́n mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀, ara wa ló ń gbà kọjá. Ọkọ̀ tó gba Òmùò-Èkìtì wọ Kàbà, tó gba Ọbájànà bọ́ sí Lọ́kọ́jà. Ọkọ̀ tó ti Ìlọrin gba Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mopa wá bá a ní Kàbà. Gbogbo wa la mọ àwọn ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń dúró jẹun, tí awakọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú igbó, tí àwọn ọmọ wa ti ń gbé omi inú ọ̀rá sáré tẹ̀ lé wọn. Kòkòrò tó ń gbé inú èèyàn, ibi tí èèyàn bá lọ ló ń lọ. Síbẹ̀, Àbújá, Kánò àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ni jínóòmù tí mo kà sílẹ̀ yìí ti wá. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kí ara wọn ní “Okun”, láti Bùnú dé Yàgbà, kò sí nínú ìwádìí méjèèjì.

Àyè tó ṣófo máa ń ba ìtàn ìdílé jẹ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ká ní kòkòrò kan ní Àbújá àti ọ̀kan ní Ìbàdàn fi lẹ́tà mẹ́ta péré yàtọ̀ síra. Ẹni tó ń wo ìwé méjèèjì lè sọ pé láti Àbújá ló ti lọ sí Ìbàdàn. Ẹlòmíràn lè sọ pé láti Ìbàdàn ni. Ó sì lè jẹ́ pé ìyá àwọn méjèèjì ń gbé inú kànga kan lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìjùmú, tí àwọn ọmọ àdúgbò ibẹ̀ ti ń ṣàìsàn láti ọdún yìí wá, tí wọ́n ń gba sípírò, tí kò sí ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn sínú igò. Ìwé tí a kò rí kò lè jẹ́rìí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rù nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní “jínóòmù ti fi hàn pé àwọn báyìí ló kó o wá”. Lẹ́tà A, C, G àti T kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kò mọ darandaran yàtọ̀ sí oníṣòwò, kò mọ ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ó mọ ìyá àti ọmọ kòkòrò. Ibi tí wọ́n ti ń mú àpẹẹrẹ ló ń sọ ìyókù.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ tó ń ka jínóòmù ló wọ́n, pé ohun àwọn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ló ka jínóòmù kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, láti ara aláìsàn tí wọ́n rí ní Nàìjíríà. Àjọ NCDC, tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ ní Àbújá. Ìbàdàn ń ṣe ti bakitéríà. Ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tó ń ka DNA tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí kòkòrò bá jáde ní Kàbà lónìí, ọ̀nà Ẹdẹ tàbí Ìbàdàn kò jìn jù fún un.

Ohun tó ṣòro ni kí kòkòrò kọ́kọ́ jáde. Igò náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹ̀rọ tó ń móoru gbọ́dọ̀ móoru tọ̀sán-tòru, ẹ̀yin náà sì mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ tó: mílílítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lára àgbàlagbà. Ọwọ́ tó ń fà á gbọ́dọ̀ mọ́, kí kòkòrò awọ ara má baà ya wọ inú igò. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà tó lè ka ohun tó bá hù. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, nínú aláìsàn táífọ́ọ̀dù mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́fà ni igò yóò mú. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ṣùgbọ́n mẹ́fà tí a rí pẹ̀lú ojú wa sàn ju ẹgbẹ̀rún kan tí a fi ipasẹ̀ méfò.

Èrò tèmi ni pé ibùdó méjì ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan ní Kàbà, ọ̀kan ní apá Yàgbà, kí wọ́n so wọ́n mọ́ ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́jà, kí iná oòrùn wà fún ẹ̀rọ, kí ẹnì kan sì wà tí yóò máa gbé àpẹẹrẹ lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nàìjíríà ti ní ètò orílẹ̀-èdè lórí kòkòrò tí oògùn kò ràn láti ọdún 2017, nítorí náà àyè wà nínú ìwé ìjọba fún irú iṣẹ́ yìí. Ohun kan ni mi ò fara mọ́: kí wọ́n ní kí aláìsàn san owó igò. Ẹni tó fún wa ní ẹ̀jẹ̀ kí a lè mọ ohun tó ń rìn láàárín ìlú ti san tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù náà ń dúró de ẹ̀rí yìí. Ní ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí àwọn orílẹ̀-èdè tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ máa lo irú abẹ́rẹ́ tuntun kan tó dáa fún ọmọ kékeré. Pakistan ló kọ́kọ́ fi í sínú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ní 2019. Làìbéríà ló ṣáájú ní Áfíríkà, ní 2021. Màláwì náà bẹ̀rẹ̀ ní 2023. Ní Blantyre kan náà ni wọ́n ti dán an wò lára ọmọ tó tó 28,000, ó sì dín táífọ́ọ̀dù kù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n lè ṣe ìdánwò yẹn níbẹ̀ nítorí igò ti wà nílẹ̀. Láìsí i, kí ni wọn ì bá fi mọ ọmọ tí táífọ́ọ̀dù ṣe gan-an?

Ní ti omi, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kòkòrò tó ń gbé ara èèyàn nìkan kò ní ọ̀nà mìíràn ju ìgbẹ́ wa, ọwọ́ wa àti omi wa lọ. Ṣáláńgá tó jìnnà sí kànga, ìdérí lórí kànga, omi sísè fún ẹni tó lè rí igi tàbí gáàsì sè é, ọṣẹ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó po ẹ̀bà.

Ní oṣù tó kọjá, ibà tún gbé àbúrò ìyá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé Àbújá pè é lórí fóònù, ó ní, “Ẹ má lọ sí kẹ́míìsì o, Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín wá.” Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan tí igò wà. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó tó, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kẹta, kò sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà bi í léèrè bóyá ó ti lo oògùn kankan kó tó wá. Ó ní rárá. Lẹ́yìn náà ló wá rántí: sípírò tó ṣẹ́ kù nínú àpótí láti ọdún tó kọjá, hóró mẹ́ta, ó ti lo wọ́n ní alẹ́ ọjọ́ méjì kó tó wọkọ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Typhi bá tilẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, hóró mẹ́ta yẹn lè ti pa èyí tí igò ì bá mú. Wọ́n da igò náà nù ní ọjọ́ keje, nítorí kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè kà.